Ta Ló Mú Sàró Padà Wá Sílé?

Bí àlejò bá dúró lábẹ́ Olúmọ lónìí, tí ó sì bi àgbà tàbí ọmọ ilé-ìwé léèrè bí ìwé kíkà, ìsìn Ìgbàgbọ́ àti iṣẹ́ ìtẹ̀wé ṣe dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá, kò ní pẹ́ rárá kí ó tó gbọ́ ìdáhùn tí gbogbo ènìyàn ti há sórí: òyìnbó ni ó kó wọn wá. Bí ó bá sì tún béèrè pé ta wá ni àwọn Sàró tí orúkọ wọn kún ìgboro Abẹ́òkúta, wọn yóò dá a lóhùn pé ẹrú ni wọ́n tẹ́lẹ̀, pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú agbami, pé òyìnbó tọ́ wọn, ó kọ́ wọn, ó wọ̀ wọ́n láṣọ, àti pé nígbà tí àánú wọn ṣe é tán, ó kó wọn padà wá fún ìyá tó bí wọn. Mo ti gbọ́ ọ láti orí àga ìwàásù, mo ti gbọ́ ọ nídìí àpèjẹ, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ Sàró fúnra wọn, tí wọ́n ń fi ọpẹ́ baba ńlá wọn san gbèsè tí baba ńlá wọn kò jẹ. Apá kìíní ọ̀rọ̀ yìí, pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀, jẹ́ òótọ́. Apá kejì, pé òyìnbó ló kó wọn padà wálé, kì í ṣe òótọ́ rárá, apá kejì náà gan-an ni ó sì ń ṣe wá ní ibi.

A kì í fi ẹ̀tọ́ ẹni du ẹni. Láti ọdún 1807 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú láàrin àwọn ènìyàn tirẹ̀, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ etí òkun ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Yorùbá tí wọn ìbá sì kú sínú oko ìrèké ni wọ́n gbà kúrò nínú ikùn ọkọ̀ ẹrú. Àjàyí ọmọ Òṣoògùn, tí ogun kó ní ọdún 1821, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, inú ọkọ̀ Potogí kan tí ń jẹ́ Esperança Félix ni wọ́n kó o sí ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ náà kò sì tí ì rìn jìnnà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ká a mọ́, tí wọ́n sì gbé ọmọ náà lọ sí Freetown, níbi tí a ti wá mọ̀ ọ́n sí Samuel Ajayi Crowther. Oore ńlá ni èyí, ọpẹ́ sì ni ó yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n Freetown kì í ṣe Òṣoògùn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Aké. Ẹni tí a yọ nínú odò tí a sì gbé sí èbúté àjèjì, a ti gbà á lọ́wọ́ ikú, a kò tí ì mú un délé.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tí ń pa ìtàn náà ti máa ń fo odidi ojú-ìwé kan. Láti Freetown dé Badagry ju ẹgbẹ̀rún máìlì kan lọ lójú omi, kò sì sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn láti máa kó àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ gba ọ̀nà yẹn padà wálé. Ìlú tuntun ni wọ́n tẹ̀ fún wọn lórí òkè Freetown, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Àwọn mìíràn ni wọ́n mú wọ iṣẹ́ ológun. Nígbà tí ó sì wá di ọdún 1841, tí àwọn olóko ìrèké ní erékùṣù Ìwọ̀-oòrùn ń pariwo pé àwọn kò rí òṣìṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí a ti dá ẹrú sílẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pèsè ọkọ̀ ọ̀fẹ́ fún àwọn ará Freetown lóòótọ́, ṣùgbọ́n Jamaica, Trinidad àti Guiana ni ọkọ̀ ọ̀fẹ́ náà ń lọ! Kí ẹnikẹ́ni tó ń sọ pé òyìnbó ló mú wọn padà sílé kọ́kọ́ dáhùn èyí ná. Ẹni tí ó fẹ́ gòkè òkun lọ ro oko olóko, ìjọba yóò gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ wá fojú kan ìyá rẹ̀ ní Ìtokò tàbí ní Ìkìjà, kí ó lọ wá owó ọkọ̀ tirẹ̀.

Wọ́n sì wá a. Àwọn Akú, bí wọ́n ti ń pe àwọn ọmọ Yorùbá ní Freetown nígbà náà, dáko, wọ́n kiri ọjà, wọ́n dáwó jọ bí a ti ń dá a jọ nílé, títí àwọn kan láàrin wọn fi di oníṣòwò tí apá wọn ká nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ilé-ẹjọ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ ọkọ̀ ẹrú ní Freetown bá dá ọkọ̀ kan lẹ́bi, tí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo, àwọn ọmọ tí a ti kó nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ni wọ́n dúró láàrin èrò, tí wọ́n ń dá owó lé e, tí wọ́n sì ń rà á.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbi gbàǹjo yìí, nítorí pé ojú mi kì í kúrò níbẹ̀. Àwọn ohun tí ilé-ẹjọ́ fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ kan jẹ́ ọkọ̀ ẹrú kò fara sin: àgbá omi tó pọ̀ ju èyí tí àwọn atukọ̀ lè mu tán, ìkòkò irin ràgàjì tó lè se oúnjẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, pákó tí wọ́n lè tẹ́ sáàrin ikùn ọkọ̀ láti fi ṣe ilẹ̀ kejì kí wọ́n lè to ènìyàn ní ìpele-ìpele, ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń rà ju bí alágbàǹjo ti mọ̀ ọ́n lọ. Ó ti dùbúlẹ̀ lórí irú pákó yẹn rí, nínú òkùnkùn, nínú òógùn ẹlòmíràn, tí ó ń gbọ́ bí omi ti ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ létí rẹ̀. Ó wá san owó tí ó fi òógùn ojú ara rẹ̀ kó jọ, ó wọ inú ọkọ̀ náà padà lọ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ, ó ta ìgbòkun sókè, ó sì dorí rẹ̀ kọ apá ibi tí wọ́n ti kó o wá. Bí ọkàn kan bá le ju èyí lọ nínú gbogbo ìtàn àwọn tó fi ọkọ̀ onígbòkun la òkun já, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ ọ́ fún mi.

Ní ọdún 1839, ọkọ̀ kan tí wọ́n ti sọ ní Queen Victoria gbéra ní Freetown pẹ̀lú èrò 67, ó sì forí lé Badagry. Ní ọdún yẹn kan náà ni Thomas Will, olórí àwọn Akú, àti àwọn oníṣòwò ẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà Doherty ní Freetown, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ tẹ̀dó sí Badagry, kí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì jọ̀wọ́ fi àsíá rẹ̀ bò wọ́n níbẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run bá wọn lọ. Ẹ̀rù ń ba ìjọba. Wọ́n ní ilẹ̀ tí òwò ẹrú kò tí ì kúrò ni, wọ́n ní a óò tún mú wọn tà. Ìlú tí wọ́n bèèrè, ìjọba kò tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Ọkọ̀, ìjọba kò fún wọn. Àwọn alátakò mi a máa nawọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ yìí, wọn a ní, ṣé ẹ rí i pé òyìnbó náà ni wọ́n ń ké sí? Mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tọrọ nǹkan tí a kò fi fún un, tí ó wá dìde lọ láìní in, ta ni a lè sọ pé ó rán an? Àjò kì í dùn kí onílé má relé: ohun tó gbé wọn dìde nìyẹn, wọn ìbá sì lọ bí Doherty ìbá tilẹ̀ sun ìwé náà níná.

Ẹ jẹ́ kí á wo òde díẹ̀, kí á lè mọ bí a ti ń wọn àwọn ẹlòmíràn. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn kan náà, àwọn ará Jámánì ń dìde ní agbo-agbo, láti Württemberg, láti Baden, láti Hesse, wọ́n ń lọ sí èbúté Bremen àti Hamburg láti wọ ọkọ̀ onígbòkun lọ sí Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni wọ́n ń lò lójú omi, nínú àjà ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò ti tó, níbi tí ibà àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń mú ọmọdé lọ. Ní ọdún 1854 nìkan, àwọn tó gúnlẹ̀ sí Amẹ́ríkà nínú wọn ju 200,000 lọ. Ebi lé àwọn kan, ìjọba tí kò dára lé àwọn mìíràn, abúlé kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé àwọn ará abúlé ló dáwó ọkọ̀ fún àwọn tálákà wọn kí wọ́n lè bọ́ lọ́wọ́ bùkátà wọn. Síbẹ̀, báwo ni a ti ń sọ ìtàn wọn? Akíkanjú ni gbogbo ayé ń pè wọ́n, ẹni tó fi ẹ̀mí wewu wá ọjọ́ ọ̀la fún ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń sọ pé olówó ọkọ̀ ní Bremen ló mú wọn dé Amẹ́ríkà, kò sì sí ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn láti máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ta àyè ọkọ̀ fún wọn. Èmi kò jowú ìyìn wọn, nítorí pé ó tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ará Jámánì tó ń wọ ọkọ̀ ní Bremen, kò sí ẹni tó ń dúró dè é ní New York láti mú un tà. Ọmọ Ẹ̀gbá tó ń wọ ọkọ̀ ní Freetown mọ̀ dájú pé àwọn tó tà á lákọ̀ọ́kọ́ ṣì wà létí omi, pé ọjà ẹrú ṣì ń ná ní Èkó, àti pé bí afẹ́fẹ́ bá ṣi ọkọ̀ gbé, ó lè tún bá ara rẹ̀ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni a wá ń ròyìn bí ẹrù tí ẹlòmíràn gbé kalẹ̀?

Ewu náà kì í ṣe àsọdùn. Àwọn tó kọ́kọ́ gba ọ̀nà Èkó lọ sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, wọ́n já wọn ní ẹrù gbà, aṣọ ọrùn wọn ni àwọn mìíràn wọ̀ dé Abẹ́òkúta. Ìdí nìyí tí Badagry fi wù wọ́n. Badagry pẹ̀lú kò rọrùn: ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀ nítorí ìgbì, lójú agbami ni yóò ju ìdákọ̀ró sí, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n ni yóò wá gbé èrò àti ẹrù gba àárín ìgbì tó ń fọ́ gàràgàrà kọjá, bí ọlọ́pọ́n bá sì ṣi ìgbì kan kà, àpótí tí ènìyàn fi ọdún mẹ́wàá kó jọ di ti yanyan. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ ni, nínú igbó tí ogun Adó wà, títí wọn yóò fi rí Olúmọ lókèèrè. Àwọn tó sì kúrò nílé kí Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá, tó kó wọn wá sábẹ́ Olúmọ ní 1830 kò mọ Abẹ́òkúta rí! Ìlú tí wọ́n mọ̀ ti di ahoro nínú igbó Ẹ̀gbá àtijọ́. Inú ìlú tuntun tí gbogbo ahoro náà kóra jọ sí ni wọ́n ti ń lọ láti agboolé dé agboolé, tí wọ́n ń pe oríkì baba wọn sókè kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè dá wọn lóhùn.

Mo wá dé orí ọ̀rọ̀ àwọn ajíhìnrere, tí ó jẹ́ òpó ilé àwọn tí mò ń bá jiyàn. Wọ́n ní ọjọ́ kẹrin oṣù kìíní ọdún 1843, nígbà tí Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta, ni ojúmọ́ mọ́ fún Ẹ̀gbá. Ẹ jẹ́ kí á tò ó bí ó ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1841, James Ferguson, ọ̀kan nínú àwọn tó ti dé Badagry láti Freetown, kọ ìwé padà sí àwọn Mẹ́tọ́díìsì pé kí wọ́n wá rán ẹni tí yóò máa bójú tó àwọn. Ìwé yẹn ló mú Thomas Birch Freeman dé Badagry ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, tó sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ṣódẹkẹ́ ní oṣù kejìlá. Freeman fúnra rẹ̀, bí a tilẹ̀ bí i ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ baba aláwọ̀ dúdú ni. Townsend ló tẹ̀ lé e, inú ọkọ̀ tí àwọn Sàró fi owó ara wọn rà ni ó sì bá wá. Òyìnbó tí wọ́n ní ó mú Sàró wálé, Sàró ni ó fi ọkọ̀ tirẹ̀ gbé e wá!

Ó tì o, kò tán síbẹ̀. Andrew Wilhelm, ọmọ Ẹ̀gbá tí orúkọ rẹ̀ nílé ń jẹ́ Desalu, ni ó bá Townsend rìn. Nígbà tí Townsend padà lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, tí ó lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ gba oyè àlùfáà, Andrew Wilhelm kò bá a lọ. Ó dúró ní Abẹ́òkúta. Ọdún 1846 ni Townsend àti Crowther tó dé, nítorí pé Ṣódẹkẹ́ ti kú ní 1845 tí ọ̀nà sì ti dí. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ta ni ó ń kó àwọn onígbàgbọ́ jọ ní Abẹ́òkúta, ta ni ó ń gbàdúrà pẹ̀lú wọn, ta ni ó ń mú ọ̀rọ̀ náà tọ ìjòyè lọ? Kò sí òyìnbó kan tó ń gbé níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá tó ti di ẹrú rí, tó sì tún padà di ọmọ onílé, ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pẹ̀lú àwọn ajíhìnrere méjì tó wá láti Württemberg, Gollmer tó gúnlẹ̀ sí Badagry ní 1845 pẹ̀lú Crowther àti Townsend, àti Hinderer tó lọ tẹ̀dó sí Ìbàdàn lẹ́yìn náà: wọ́n ṣiṣẹ́ takuntakun, Gollmer tilẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀ sí Badagry ní ọdún tó dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Sàró ti là ni wọ́n tọ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí Crowther dé Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ Àfàlà gbọ́ pé ó wà ní ìlú, ó sì wá a wá. Ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ti kọjá láti ìgbà tí ogun ti yà wọ́n. Obìnrin náà ń gbọ̀n, kò lè gba ojú rẹ̀ gbọ́. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì jáde. Lẹ́yìn ọdún kan àti ààbọ̀ ó ṣe ìrìbọmi, ó di Hannah. Wọ́n ń fi ìtàn yìí wàásù, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí nǹkan àjèjì nínú rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ti ọdún yẹn. Láti nǹkan bí ọdún méje ṣáájú ni àwọn ìyá mìíràn ti ń gbọ̀n bẹ́ẹ̀ nínú agboolé wọn, tí ọmọ wọn tó wọ ọkọ̀ gbàǹjo dé kì í ṣe àlùfáà, tí kò sì sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé kankan.

Àwọn kan yóò bi mí pé, Ṣódẹkẹ́ fúnra rẹ̀ kò ha dúpẹ́ lọ́wọ́ òyìnbó pé wọ́n dá àwọn ọmọ òun padà? Ó dúpẹ́. Ẹni ńlá ni Ṣódẹkẹ́, ẹni ńlá kì í gba àlejò kí ó má fi ọ̀rọ̀ dídùn pàdé rẹ̀, ó sì mọ ohun tí ìlú rẹ̀ tí Dahomey ń wò gẹ́gẹ́ bí ìjẹ nílò láti ọwọ́ oníbọn. Ọpẹ́ olórí ìlú fún àlejò kì í ṣe ìwé ẹ̀rí ìtàn. Àwọn mìíràn yóò ní, òwò ni wọ́n bá wá, kì í ṣe ìfẹ́ ilé. Òwò ni, òótọ́ ni; nígbà tí wọ́n ń fi ọkọ̀ wọn ṣòwò káàkiri etí òkun ni wọ́n tún ọ̀nà ilé rí. Láti ìgbà wo ni òwò ti di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn Ẹ̀gbá? Àwọn kan yóò tún ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn Sàró ra ẹrú nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n rà á, ó sì dùn mí láti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá wọn lẹ́jọ́ lórí èyí, mo bá a fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ búburú rẹ̀ bá jẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ rere rẹ̀ pẹ̀lú gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìtàn ẹ̀bùn yìí kò jẹ́ kí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà yé wa. Ní 1865, G. W. Johnson, ọmọ Sàró tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ aránṣọ, dá ìgbìmọ̀ ìjọba sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, Egba United Board of Management, tí Baṣọ̀run Ṣómóyè jẹ́ olórí rẹ̀, tí wọ́n ń gba owó ibodè lórí ọjà tó ń lọ sí Èkó, tí wọ́n sì ń kọ̀wé sí gómìnà Èkó gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti ń kọ̀wé sí ìjọba. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1867, nígbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ibodè ti mú inú Ẹ̀gbá ru, Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí wọ́n fọ́ ilé ìsìn àti ilé àwọn ajíhìnrere, àwọn ajíhìnrere òyìnbó sì kúrò ní ìlú. Ẹni tó gbà pé òyìnbó ló kó Sàró wálé yóò pe èyí ní àìmoore ẹni tí a fún ní nǹkan. Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ra ọkọ̀ wọn ní gbàǹjo, pé wọ́n tọrọ àsíá tí wọn kò rí gbà tí wọ́n sì lọ láìní in, kò ní rí àìmoore kankan níbẹ̀: àwọn tí kò dúró de gómìnà kí wọ́n tó wálé ni ọmọ wọn kò dúró de gómìnà kí wọ́n tó ṣèjọba.

Nítorí náà, mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ ìwé ìtàn fún ọmọ ilé-ìwé wa, láti Aké dé Òwu, láti Ìgbẹ̀ìn dé Òkè-Ọnà, pé kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọ̀làjú Ẹ̀gbá ní 1843 mọ́. Ọdún 1839 ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ní Freetown, níbi gbàǹjo. Kí orúkọ Thomas Will àti James Ferguson àti Andrew Wilhelm Desalu ṣáájú, kí Townsend sì wọlé ní àyè tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àlejò tí wọ́n ránṣẹ́ pè, tí ó dé ní ọdún kẹrin lẹ́yìn tí àwọn onílé ti dé.